Mẹ́dọ̀wú Tó Bá Ọkọ̀ Òkun Dé

Atukọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tu ọkọ̀ kankan rí. Iṣẹ́ tó ṣe nínú ọkọ̀ òkun kò ju kí ó ha ara irin tó ti dógùn-ún, kí ó fi ọ̀dà kùn ún, kí ó sì lẹ tapólìn tí wọ́n fi ń bo ẹrù nígbàkígbà tí ìjì bá fà á ya. Iṣẹ́ tapólìn yìí ló padà wá fi ń jẹun nígbà tó kúrò lórí omi. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan sí ẹ̀bá ọgbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń sùn sí, ó ń rán ìbòrí ọkọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú. Aṣọ náà le, ó sì wúwo. Abẹ́rẹ́ tó fi ń rán an gùn ju ìka lọ, awọ ló máa ń wé mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ó tó lè rí i tì wọlé. Kò ní ọmọṣẹ́. Àwọn òbí kan fẹ́ mú ọmọ wá nígbà kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ irú àìsàn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ro bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún un tó lójúmọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Títí di òní, wọn kò tíì dé.

Òun fúnra rẹ̀ kò fi àìsàn náà pamọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lórí omi nígbà tó kọlù ú ní èbúté kan ní ìlà oòrùn Éṣíà. Ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí tíì, oúnjẹ ń rùn sí i. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní àrùn mẹ́dọ̀wú ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó sàn díẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ sì ní kí ó máa lọ sílé. Ní oṣù díẹ̀ kí àìsàn tó dé, ọkùnrin kan ti bá a fa eyín lẹ́bàá ọ̀nà ní èbúté yẹn, irin tó sì fi fà á ti wọ ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Atukọ̀ gbà pé ibẹ̀ lòun ti kó o. Ìyàwó rẹ̀ gbà pé obìnrin ni.

“Eyín,” ìyàwó náà á ní, á sì rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Eyín tó wọ síkẹ́ẹ̀tì.”

Ọmọ wọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri inú ilé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fi dé. Láti ọjọ́ tó ti dé ni ìyàwó rẹ̀ ti ya ife, abọ́ àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn dókítà sọ fún un pé ife kọ́ ló ń ràn án, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, àti láàárín tọkọtaya, àti lára ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Ó ní òun gbọ́. Ife náà ṣì dá wà. Àwọn ọkùnrin inú ọgbà ọkọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ife Atukọ̀ nìkan ni wọ́n lé sóde, wọn ò lé Atukọ̀, nítorí kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi lóyún ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Ìgbà tí ọmọkùnrin yìí di ọ̀dọ́, tó ti ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná, ló lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ọkọ̀ gbá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n ní àwọn kò lè gbà á, mẹ́dọ̀wú B wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ará ilé wá ṣe àyẹ̀wò.

“Gbogbo ará ilé wo?” ni ìyá rẹ̀ béèrè. “Èmi tí mi ò wọ ọkọ̀ òkun rí? Ẹni tó gbé e wálé kò fara sin. Ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ máa lọ ṣe àyẹ̀wò.”

Bí kò ṣe lọ nìyẹn, tí kò sì jẹ́ kí ọmọbìnrin náà lọ. Lójú tirẹ̀, àyẹ̀wò dà bí ìgbà tí èèyàn tí kò jalè bá lọ dúró láàárín àwọn olè. Lọ́jọ́ náà ló kó ẹrù ọkọ rẹ̀ jáde kúrò ní yàrá, Atukọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn tapólìn tó ká jọ. Kò bá a jà, nítorí òun náà gbà pé òun ni. Ọmọ kékeré ni ọmọ yẹn nígbà tóun dé. Òun máa ń gbé e sára, òun máa ń jẹ iṣu lẹ́nu kí òun tó fi sí i lẹ́nu. Ta ni ìbá tún jẹ́?

Ọmọkùnrin náà ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì ti ń gbèrò àtigbéyàwó, nígbà tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí egungun èjìká rẹ̀ sì yọ síta. Dókítà ní jẹjẹrẹ ti mú un lẹ́dọ̀. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀ niṣẹ́ rẹ̀, á jókòó tì í, á máa wo àwọn aṣọ náà, á ní wọn ò mọ̀ ọ́n fọ̀. Nígbà tí Atukọ̀ bá wọlé, á dìde fún un ní àga, kò ní wo ojú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyàwó Atukọ̀, tó ń tún aago ṣe, wá bẹ aláìsàn wò. Ó bá Atukọ̀ níbi tó ti ń fi aṣọ tútù nu ọmọ náà lọ́rùn.

“Àna mi,” ló ní, “ṣé o ò rò pé o ti fọwọ́ kan án tó báyìí?”

Ọmọ tó dùbúlẹ̀ ló dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n nù mí. Ọwọ́ wọn tutù.”

Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, ọmọ náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. “Dádì, mi ò bínú sí yín o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ti dárí jì yín pátápátá.”

Atukọ̀ gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù yẹn náà ni dókítà obìnrin kan ti wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí ni, pé àwọn fẹ́ mọ irú kòkòrò mẹ́dọ̀wú tó wà lára àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ náà kú, ní àárọ̀ kan, nígbà tí wọ́n ń pín tíì. Ìyá rẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó na ìka sí ọkọ rẹ̀, ó sì figbe ta débi pé àwọn aláìsàn ń dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ọkọ̀ rẹ ló pa á! Gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níwájú mi! Gbogbo ohun tó o rí mú bọ̀ lókè òkun náà nìyẹn?”

Obìnrin tí kò pe ọkọ rẹ̀ ní “ìwọ” rí.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú kí dókítà obìnrin náà tó ránṣẹ́ pe Atukọ̀. Yàrá rẹ̀ kéré, fáànù kan ń gbọn orí lókè, ẹ̀rọ kan sì ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà? Irú kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ ni mo wò.”

“Ṣé ó tún ju irú kan lọ ni?”

“Irú mẹ́wàá ni wọ́n kà báyìí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, láti A dé J. Ẹ wò ó bí èdè, Bàbá. Mẹ́dọ̀wú B ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti pẹ́ láàárín àwọn èèyàn ló ń sọ ọ́ di ọ̀tọ̀. Irú A pọ̀ ní àríwá Yúróòpù, ó sì wà láwọn apá ibì kan ní Áfíríkà. D yí etí Òkun Mẹditaréníà ká, ó gba ibẹ̀ lọ dé Íńdíà. F àti H, ọ̀dọ̀ àwọn ará Gúúsù àti àárín Amẹ́ríkà ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. B àti C ló kún ìlà oòrùn Éṣíà. Àwọn èèyàn ló ń gbé wọn káàkiri, nínú ọkọ̀, nínú ogun, nínú òwò ẹrú ìgbà àtijọ́. Kòkòrò fúnra rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀.”

“J tó kẹ́yìn ńkọ́?”

“J? Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n tíì rí i lára rẹ̀, ní Jàpáànù.”

Atukọ̀ mi orí. “Ìyẹn náà mà rí màbo o. Kí èèyàn ṣàìsàn, kó má tiẹ̀ rí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é.”

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra. “C ni tiyín, Bàbá. Ó bá ìtàn tí ẹ sọ mu. Àgbàlagbà tó bá kó o, ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń lé e dànù. Tiyín ò lọ ni. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yín kì í ṣe C.”

“Kí ni?”

“Irú tó wọ́pọ̀ níhìn-ín lọ́dọ̀ tiwa ni. Èyí kì í sì í di ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ yín kọ́ ló ti kó o.”

Atukọ̀ kò fò sókè, kò sì dúpẹ́. Ó wo fáànù náà títí tó fi yí orí wá, tó sì tún yí i padà.

“Ó ti kú,” ló sọ. “Ó ti dárí jì mí. Ta ló máa lọ sọ fún un pé mi ò jẹ̀bi?”

Dókítà rọra sọ̀rọ̀. Ó ní ó lè jẹ́ ara ọmọ mìíràn ni ọmọ náà ti kó o ní kékeré, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé ṣe jù ni pé ara ìyá rẹ̀ ló ti gbà á nígbà ìbí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà lè ní in. Atukọ̀ sì ti sọ fún un ní wọ́ọ̀dù pé ọmọbìnrin òun lóyún. Tí aboyún bá ní in, oògùn wà tó lè lò. Tó bá sì bímọ, wọ́n gbọ́dọ̀ gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n bí i tó parí. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà gbé e dàgbà, bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣe gbé e dàgbà.

Atukọ̀ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. “Dókítà, ẹ bá mi sọ pé tèmi náà ni. Ẹ ní ẹ ṣèèṣì. Obìnrin yẹn ń gbé òkú ọmọ lórí. Ẹ má jẹ́ kó tún gbé èyí lé e.”

“Bàbá, mi ò lè parọ́ fún yín lórí ìyẹn.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú tèmi ná.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó lọ bá a níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn lọ́sàn-án, gbogbo wọn nà gbalaja lórí ẹní. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Mo fẹ́ kó o lọ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú. Nítorí tèmi. Mo lè ti kó o ràn ọ́.”

“Dádì, níbo? Mi ò fi ife yín mumi rí. Mọ́mì ò gbà.”

“Ife kọ́ ló ń kó o.”

“Ilé ìgbẹ̀bí tí mò ń lọ ò béèrè fún un. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì. Tí àwọn ará ilé ọkọ mi bá gbọ́ pé mo lọ yẹ ara mi wò, wọ́n á ní kí ló dé. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹ ní àìsàn yìí. Wọ́n sì mọ̀ pé èmi ò ní.” Ó fa aṣọ bo ọmọ kan tó ṣí lára. “Ẹ ti sin ẹnì kan. Ẹ má wá fi mí kún un.”

Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa le tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òun. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kọjú sí ọ̀nà.

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura kan. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kò kún ẹnu.

“Ìyá wọn.”

“Mò ń gbọ́.”

“Dókítà tó gba ẹ̀jẹ̀ pè mí.”

“Kí ló tún fẹ́ gbà? Ṣé ti òkú ni?”

Ó sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà, láti orí Éṣíà àti Yúróòpù, ó ń fi ọ̀rọ̀ lọ yíká ayé kí ó má bàa tètè délé. Ìyàwó rẹ̀ kò dá áyọ́ọ̀nù dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ délé, ó gbé áyọ́ọ̀nù náà dúró lórí ìdí, ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, ó tú u, ó tún un ká.

“Ta ló rán ọ sí mi?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“O ti sanwó fún dókítà yẹn. O wá ọ̀nà títí, o wá rí i gbé ka orí mi. Lẹ́yìn tí ọmọ kú tán!”

“Ìyá wọn, ká ní kì í ṣe ti oyún inú ọmọ yẹn, ǹ bá gbé e lọ sí sàréè. Ọlọ́run ló mọ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ; láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, ọkùnrin náà kò mọ irọ́ pa. Ó wá ibi ìdúró tì, ó fara ti ògiri.

“Ìyá mi,” ló ní níkẹyìn. “Ikùn ìyá mi wú báyìí kó tó kú. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Àbúrò mi ọkùnrin, ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Wọ́n ní ibà ni.” Ó fi ọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. “Èmi ni mo gbé e fún ọmọ mi.”

“O ò mọ̀.”

“Mo lé ọ kúrò ní yàrá.”

“Èmi náà gbà pé èmi ni. Ẹnikẹ́ni ì bá gbà bẹ́ẹ̀.”

“Wọ́n ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò. Mo ní mi ò wọ ọkọ̀ rí.” Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. “Mi ò wọ ọkọ̀ rí.”

Atukọ̀ fẹ́ sún mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí i pé kó dúró síbẹ̀.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló lọ mú ọmọbìnrin náà níléèwé lọ́jọ́ kejì. Èsì jáde: mẹ́dọ̀wú wà lára ìyá, ó wà lára ọmọ, irú kan náà pẹ̀lú ti òkú. Dókítà fún ọmọbìnrin náà ní oògùn, wọ́n sì gbà á níyànjú pé ilé ìwòsàn ńlá ni kó ti bímọ. Ọmọbìnrin náà bẹ bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù títí tí àwọn awakọ̀ fi ń gbé e dìde. Ìyá kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí Atukọ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà sí yàrá, ṣùgbọ́n nígbà tó kó o dé, ó bá a pé ìyàwó rẹ̀ ti tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí pálọ̀.

Ọmọ náà dé ní àárọ̀, ọmọbìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, alátùn-únṣe aago, ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kí wọ́n tó wẹ ọmọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde, tí Atukọ̀ sì dìde, ọkùnrin náà na ọwọ́ dí i.

“Àna mi, rọra o. Jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tó.”

“Bọ̀ọ̀dá.” Ìyàwó Atukọ̀ ló sọ̀rọ̀, láti orí àga tó wà ní ìkángun. “Ẹ jẹ́ kó gbé ọmọ. Èmi ni. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ló ti wá. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ yẹ ara yín wò.”

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Atukọ̀ gbé ọmọ náà. Ó ti pẹ́ tó ti gbé ọmọ tuntun kẹ́yìn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti yi bí awọ ha ọmọ náà lára, ọmọ náà sì figbe bọnu. Ó yára dá a padà fún nọ́ọ̀sì, ó ń tọrọ àforíjì.

Ìyá àgbà náà kò sún mọ́ wọn. Ó tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ sí itan, méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ti wọlé dáadáa. Ó tún bi í.

“Ó ti wọlé, Mọ́mì. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n mú un wá fún èyí tó kù.”

“Nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ṣé abẹ́rẹ́ yìí ti wà?”

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, wọn ò tíì bí èmi gan-an nígbà yẹn.”

Ó bá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó wo ojú rẹ̀.

“Ẹ̀yin tí ẹ rìn jìnnà. Ṣé ó ti wà?”

Atukọ̀ mọ̀. Ó ti bi dókítà léèrè, dókítà sì ti sọ fún un pé abẹ́rẹ́ náà ti wà láwọn ilẹ̀ kan nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà. Níhìn-ín ni kò tíì dé.

“Rárá,” ló sọ. “Kò tíì sí níbì kankan láyé.”

Ìyàwó rẹ̀ tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó padà lọ jókòó sórí àga tó wà ní ìkángun, ó sì fi ìborùn bojú.